Iná Tí Kò Kú

Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo èèyàn ń pè é ní ilé-iṣẹ́ ọtí. Ọ̀gá pátápátá ń pè é bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń gbálẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀, àní akọ̀wé àgbàlagbà tí orí rẹ̀ funfun báláú, tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó bí i, òun náà á yọjú lójú fèrèsé, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ o." Kì í ṣe pé ó dàgbà jù wọ́n lọ. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo ló fi orúkọ náà kọ́ ọ lọ́rùn. Nígbà tí àwọn méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọmọkùnrin yẹn ò lè kọjá ní gbọ̀ngán kan láìlọgun: "Ẹ bá mi wá Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ̀gbọ́n mi dà?" Báyìí, ẹni tó ń pè é ti lọ, orúkọ ló kù sílẹ̀. Ayé mà le o.

Iṣẹ́ tí Ẹ̀gbọ́n ń ṣe báyìí ni pé kó máa mú àlejò káàkiri. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan wà láàárín ibi tí wọ́n ti ń se ọkà àti ibi tí wọ́n ti ń rọ ọtí sínú ìgò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn títí dé òpin rẹ̀, wọ́n ya àwòrán ńláńlá sára ògiri, bí bíà ṣe délé ayé àti bó ṣe rìn dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n á wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ aláwọ̀ eérú, á mú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ́wọ́, á máa nà án sí àwòrán. Bẹ́ẹ bá rí i níbẹ̀, ẹ ó sọ pé ọkùnrin yìí ò mọ ìbànújẹ́ rí.

"Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ rọra máa fẹlá," á ní, á nà án sí àwòrán àkọ́kọ́. "Obìnrin ló ni nǹkan yìí. Ẹ̀yin, ẹ kàn ń mu ún ni." Àwọn obìnrin á pàtẹ́wọ́, àwọn ọkùnrin á máa yínmú. Á wá sọ fún wọn pé ó ti pẹ́ tí ọkà ti ń rẹ sínú omi kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó lè dà. Ẹnì kan gbàgbé ọkà sínú ìkòkò, òjò rọ̀ sí i, ó hù, ó ń hó, ó ń rùn. Èèyàn gidi ì bá ti dà á nù. "Ṣùgbọ́n òǹgbẹ ń gbẹ obìnrin yìí," Ẹ̀gbọ́n á ní. "Ó tọ́ ọ wò. Ó tún tọ́ ọ wò. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ fi máa dé, ó ti ń kọrin." Ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, á sì sọ ọ́ fáwọn àlejò pé òun ló fi tòun kún un, pé ìyókù ìtàn náà lòtítọ́.

Ẹ bọ́ síwájú díẹ̀, àwọn èèyàn ìgbàanì láàárín odò méjì nìyẹn, wọ́n jókòó yí ìkòkò kan ṣoṣo ká, kálukú wọn pẹ̀lú esùsú gígùn lẹ́nu, wọ́n ń fà. Èèpo ọkà ló máa ń léfòó lójú ọtí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ti esùsú gba abẹ́ rẹ̀. Ẹ tún bọ́ síwájú, àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ló ń wọ́ òkúta ńlá tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ ibojì ọba wọn yẹn, búrẹ́dì àti bíà sì wà lára ohun tí wọ́n ń fún wọn fún iṣẹ́ wọn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ èyí létí ọ̀gá wa," Ẹ̀gbọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀, "kó má lọ máa fi bíà san owó oṣù wa." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn ṣáá ni.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn mọ́ńkì, nínú ilé olókùúta tó tutù, wọ́n ń da òdòdó kíkorò kan tó ń jẹ́ họ́ọ̀pù sínú ìkòkò. Òdòdó yẹn ni kì í jẹ́ kí ọtí tètè kan. Nígbà tí kò tètè kan mọ́, wọ́n lè fi ọkọ̀ gbé e lọ sọ́nà jíjìn, nígbà tó sì di ohun tí wọ́n ń gbé lọ sọ́nà jíjìn, èrè dé, bí èrè ṣe dé ni àwọn ọkùnrin gba ṣíbí ìro-ọtí lọ́wọ́ ìyàwó wọn. Ẹ̀gbọ́n ò ṣàwàdà níbẹ̀ yẹn. Á kàn sọ ọ́, á sì kọjá. Lẹ́yìn náà ni ọ̀jọ̀gbọ́n onírùngbọ̀n kan tó ń fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wo omi ọtí. Ìgbà yẹn ni ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ìwúkàrà tó ń mú ọtí hó, ohun abẹ̀mí ni, ó ń jẹ, ó ń bí sí i, ó ń mí. Lẹ́yìn tiẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń mú nǹkan tutù, tí wọ́n fi lè pọn bíà nínú ooru bí ẹni pé òtútù ni.

Àwòrán tó kẹ́yìn ni táǹkì. Táǹkì irin ńlá tó ń dán, tó ga ju ilé lọ, tí ihò kan wà lórí rẹ̀ tí èèyàn lè gbà wọ̀ ọ́, àti àkàbà. Ẹ̀gbọ́n kì í na ọ̀pá rẹ̀ sí i. "Ti òde òní nìyẹn," á ní. "Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ tọ́ ọ wò." Kò sí àlejò tó bèèrè ìdí rẹ̀ rí. Ẹni tí wọ́n ní kó wá mu ọtí ọ̀fẹ́, ṣé ó ráyè àtimáa bèèrè ọ̀rọ̀?

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Kì í ṣe inú ìwé ni Ẹ̀gbọ́n ti mọ̀ pé obìnrin ló ni ọtí. Ìyá rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Ọlọ́tí. Yàrá ẹ̀yìn ilé ló ti ń pọn tirẹ̀, bí ìyá tó bí i ṣe ń pọn ọ́n. Á rẹ ọkà, á tẹ́ ẹ sílẹ̀ títí á fi hù, á sá a, á lọ̀ ọ́, á sè é, á sì dà á sínú àgbá onígi ńlá kan tí wọ́n ti rì mọ́lẹ̀ láti ayé ìyá ìyá rẹ̀. Àgbá yẹn jìn débi pé bí ọmọ bá wọ inú rẹ̀, ẹ ò ní rí i mọ́. Tí wọ́n bá ti gbọ́n ọtí tán, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ lọ fọ ìdí rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì ló ń ṣe é, Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ yìí, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́fẹ̀ nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Ọtí ń mí," ìyá wọn máa ń sọ fún wọn. "Èémí tó ń mí jáde wúwo, ìsàlẹ̀ ló máa ń jókòó sí. Ẹ ò ní rí i, ẹ ò ní gbóòórùn rẹ̀. Ẹni bá bá a nílẹ̀ níbẹ̀, oorun ló máa sùn." Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó wọ àgbá, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi okùn so àtùpà kalẹ̀ sínú rẹ̀. Bí iná bá kú, èémí ọtí ṣì wà níbẹ̀, kí wọ́n máa fi ẹní fẹ́ ẹ. Bí iná ò bá kú, ó yá. Ẹlẹ́fẹ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sẹ́nu àgbá, á wá lọgun: "Màmá, iná ò kú o!" Ìyá wọn á dáhùn láti ìdí ààrò: "Ẹ wọlé!" Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó ti wọ̀ wọ́n lẹ́jẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀wé kọ.

Nígbà tí wọ́n dàgbà, àwọn méjèèjì lọ gbaṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ọtí, ẹ ò rí i pé iṣẹ́ wọn ò yà kúrò ní ti ìyá wọn. Táǹkì ni wọ́n ń fọ̀. Òfin pọ̀ níbẹ̀ ju ti yàrá ẹ̀yìn lọ. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n fi ń yẹ afẹ́fẹ́ inú táǹkì wò. Ẹni tó bá ń wọlé, okùn gbọ́dọ̀ wà ní ìbàdí rẹ̀. Ẹnì kejì á dúró lẹ́nu ihò, á di okùn yẹn mú. Èyí tó le jù nínú òfin náà ni pé ẹni tó wà lóde kò gbọdọ̀ wọlé lọ gbé ẹni tó wà nínú, ohun yòówù kó gbọ́, ẹni yòówù kó jẹ́. Ẹni méjì méjì ni táǹkì máa ń pa, torí ìfẹ́.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ẹ̀rọ tó ń yẹ afẹ́fẹ́ wò bàjẹ́, wọ́n ti gbé e lọ fún àtúnṣe. Ọ̀gá tó ń bójú tó táǹkì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ìyàwó Ẹlẹ́fẹ̀ wà nínú oyún, níbi tí wọ́n ti ń rọ ọtí sínú ìgò ló ti ń ṣiṣẹ́, ọkọ rẹ̀ sì ti ṣèlérí pé àwọn jọ ń lọ ra aṣọ ọmọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ó fẹ́ parí iṣẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, a ò ní máa wo ara wa níran síbí títí ilẹ̀ á fi ṣú," ó ní. Ó fa okùn kúrò níbi tí wọ́n gbé e kọ́. Wọn kì í tan iná tó ń jó nílé-iṣẹ́ yẹn, nítorí náà tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ló so mọ́ ọn, ó tàn án, ó sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti ẹnu ihò. Ìmọ́lẹ̀ náà délẹ̀. Gbogbo ìdí táǹkì mọ́ rekete. Ẹlẹ́fẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sẹ́nu ihò, ó yí ohùn padà sí ti ọmọdé, ó ní, "Màmá, iná ò kú o!"

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà yí ohùn tirẹ̀ padà sí ti ìyá wọn. Ó ní, "Ẹ wọlé!"

Tọ́ọ̀ṣì! Yéè! Kí ló kan tọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú afẹ́fẹ́? Bátìrì ló ń jẹ, kì í mí, kí ló fẹ́ pa á? Ká ní ẹnì kan da ìbéèrè yẹn bò wọ́n lọ́jọ́ náà ni, àwọn méjèèjì ì bá dáhùn rẹ̀ kíákíá, ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ti mọ nǹkan yẹn ṣe jù, orí wọn ò ráyè dá sí i. Ẹlẹ́fẹ̀ gba orí àkàbà sọ̀kalẹ̀. Okùn tó yẹ kó wà ní ìbàdí rẹ̀, ara tọ́ọ̀ṣì ló wà.

Ẹ̀gbọ́n gbọ́ tí búrọ́ọ̀ṣì já bọ́ nílẹ̀. Ó pè é. Ó tún pè é. Ó fa okùn sókè, ó ń fà á kíkankíkan, okùn náà fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó yọ lẹ́nu ihò ni tọ́ọ̀ṣì, ó ń tàn yàà sí i lójú. Ìgbà yẹn ló yé e. Ó ti gbé ẹsẹ̀ lé àkàbà kó tó rántí òfin, ó sì gbé ẹsẹ̀ yẹn padà. Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń gbọ́ mi, ẹ má bá a wí. Mi ò mọ ohun tó le ju pé kéèyàn gbé ẹsẹ̀ yẹn padà lọ.

Ó tẹ agogo. Ẹni tó kọ́kọ́ sáré dé ni ìyàwó Ẹlẹ́fẹ̀, pẹ̀lú ikùn gbẹndẹkẹ níwájú. Ó wo ihò, ó wo Ẹ̀gbọ́n, kò bèèrè nǹkan kan, ó bọ́ sórí àkàbà. Ẹ̀gbọ́n fà á mọ́ra látẹ̀yìn, ó dì í mú. Obìnrin náà pariwo, ó ta á nípàá, ó gé e jẹ ní ọwọ́ títí eyín fi kan egungun. Kò tú u sílẹ̀. Ó dì í mú bẹ́ẹ̀ títí àwọn panápaná fi dé pẹ̀lú ìgò afẹ́fẹ́ lẹ́yìn wọn, tí wọ́n wọlé, tí wọ́n gbé Ẹlẹ́fẹ̀ jáde. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Kò pẹ́ tí ìyá wọn dé. Bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀. Kò sunkún, kò ṣubú lulẹ̀. Ó di Ẹ̀gbọ́n lọ́rùn aṣọ mú, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sì jáde lẹ́nu rẹ̀ ni: "Ṣé ẹ so iná kalẹ̀?"

Tọ́ọ̀ṣì wà nínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ níbi tó fi í sí, òun fúnra rẹ̀ ò mọ ìgbà tó fi í síbẹ̀. Ó wo ojú ìyá rẹ̀. Ó rí i pé bóun bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ìyá máa bèèrè irú iná tí wọ́n so, bó bá sì gbọ́, ó máa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tóun fúnra rẹ̀ kọ́ wọn ní yàrá ẹ̀yìn ló ti ọmọ òun wọ inú ihò yẹn. Obìnrin tó ti sin ọkọ, tó ń lọ sin ọmọ. Ẹ̀gbọ́n ní, "Rárá, Màmá. A ò so nǹkan kan."

Ìyá gbá a létí. "Mo kọ́ yín!" ó ní. "Ohun tí mo kọ́ yín látìgbà tẹ́ ẹ ti ń wọ́lẹ̀! Ìwọ lẹ̀gbọ́n! O lágbára láti di obìnrin olóyún mú, o ò lágbára láti so iná kalẹ̀ fún àbúrò rẹ!" Ohun tí Ẹ̀gbọ́n sọ fún ìyá rẹ̀ náà ló tún sọ fáwọn tó wá ṣèwádìí, pé òun lòun ní kó wọlé láìyẹ nǹkan kan wò, pé òun lòun ò so okùn mọ́ ọn. Wọ́n mú un kúrò nídìí táǹkì, wọ́n ní kó lọ máa mú àlejò wo àwòrán.

Láti ọjọ́ yẹn, ìyá rẹ̀ ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyàwó Ẹlẹ́fẹ̀ bí ọmọbìnrin kan, ó fiṣẹ́ sílẹ̀, ó kó lọ sọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀, wọ́n sì jọ ń pọn ọtí. Ìyàwó nìkan ló ń kí Ẹ̀gbọ́n. Bó bá ra nǹkan lọ sílé, ìyá á jókòó síwájú rẹ̀ gan-an, á kọjú sí ògiri, á ní, "Ìyàwó mi, sọ fún ọkùnrin yìí kó gbé ẹrù rẹ̀." Ọkùnrin yìí! Ọmọ tó lóyún rẹ̀, tó pọ̀n ọ́n, tó fi orúkọ rẹ̀ búra láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n á gbé ẹrù rẹ̀. Tó bá dé kọ̀rọ̀, á jókòó lórí ẹrù náà, á sunkún tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, á sì dìde lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, á lọ pa àwọn àlejò lẹ́rìn-ín. Ọdún ń yí lu ọdún bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń wá láyé ni pé kí ìyá rẹ̀ pe òun lọ́mọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì mọ ọ̀rọ̀ tó lè mú kó pè é bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀ níbẹ̀.

Lọ́dọọdún, ilé-iṣẹ́ ọtí máa ń ṣí ilẹ̀kùn fún ẹbí àwọn òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ìyá Ọlọ́tí ò wá rí. Lọ́dún yìí, Ẹ̀gbọ́n ń to àwọn àlejò sí ẹnu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tó gbójú sókè, ó rí i. Ó ti gbẹ, egungun ọrùn rẹ̀ ti yọ. Ó fi ọwọ́ kan lé èjìká Ìyàwó, ó wọ aṣọ tó fi máa ń lọ sóde. Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n.

Ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Kí ló tún fẹ́ ṣe? Ó dé ibi tó yẹ kó ti sọ fáwọn ọkùnrin pé kí wọ́n rọra máa fẹlá, ó kàn ní, "Obìnrin ló kọ́kọ́ pọn ọ́n." Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ó fo àwàdà òkúta. Nígbà tó dé ibi ọ̀jọ̀gbọ́n onírùngbọ̀n, tó ní ìgbà yẹn ni ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ọtí ń mí, ó gbọ́ tí ìyá rẹ̀ tú ìmí jáde láti ẹ̀yìn. Kò bojú wẹ̀yìn. Wọ́n dé òpin, ó ní ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ tọ́ ọ wò, gbogbo àlejò sì ya wọ yàrá kejì. Ìyá rẹ̀ àti Ìyàwó ò lọ. Ìyá dúró síwájú àwòrán táǹkì.

"Ìwọ," ó ní.

Ẹ̀gbọ́n ò kọ́kọ́ mọ̀ pé òun ló ń bá sọ̀rọ̀. "Màmá?"

"Epo àtùpà tán nílé lọ́jọ́ kan. Mo ní kí Ìyàwó so iná kalẹ̀ kó tó wọ àgbá. Mo wà nídìí ààrò, mi ò rí ohun tó ń ṣe. Ó ní, Màmá, iná ò kú o. Mo la ẹnu láti sọ pé kó wọlé. Mo kàn ní kí n yọjú wò ó." Ó na ìka sí táǹkì tí wọ́n yà sára ògiri. "Tọ́ọ̀ṣì ló so. Tọ́ọ̀ṣì, tí kò lè kú láéláé. Mi ò sọ fún wọn rí pé kí wọ́n má so tọ́ọ̀ṣì. Mo ní iná. Iná ni mo máa ń sọ fún gbogbo yín."

Ìyàwó ní, "Màmá, ẹ jókòó."

"Fi mí sílẹ̀. Mi ò sùn látìgbà yẹn. Dókítà ní àyà mi ò dáa, ó ní kí n má ronú." Ó rẹ́rìn-ín kan tí kò dùn ún gbọ́. "Wo ojú mi. Má tàn mí, mo ti dàgbà. Ṣé bí àbúrò rẹ ṣe lọ nìyẹn? Ṣé ọ̀rọ̀ mi ló tẹ̀ lé wọ inú nǹkan yìí?"

Ìyá rẹ̀ rèé níwájú rẹ̀. Ó ń wo òun, ó ń bá òun sọ̀rọ̀, kò rán Ìyàwó sí òun. "Bẹ́ẹ̀ ni" lásán ló kù kó sọ. Bó bá sọ ọ́, ìyá á mọ̀ pé kò kẹ̀yìn sí ẹ̀kọ́ òun, á mọ ohun tó ti gbé mì láti ọjọ́ yìí, á fà á mọ́ra, á pè é lọ́mọ. Ó ti la ẹnu láti sọ ọ́. Ó wá wo ojú náà dáadáa. Ojú ẹni tí kò sùn ni. Ó rò ó bó ṣe máa rí lọ́la, lọ́tùnla, kí ìyá máa jí lóru kó máa gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti ìdí ààrò.

"Rárá, Màmá," ó ní. "A ò so nǹkan kan kalẹ̀. Ẹlẹ́fẹ̀ ní ká dúró. Ó ní Màmá wa ò kọ́ wa báyìí. Èmi ni mo ní kó má fi ọ̀rọ̀ sú mi, kó wọlé."

"Ó ní kẹ́ ẹ dúró?"

"Ó ní ká dúró."

"Ó rántí ohun tí mo kọ́ ọ?"

"Ó rántí. Èmi ni mi ò kà á sí."

Ìyá di ojú méjèèjì. Ó fi iwájú orí ti ògiri, lára irin táǹkì tí wọ́n yà síbẹ̀, omi sì ń ṣàn lójú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "Ọlọ́run, o ṣeun," ó ní. "Ọmọ mi rántí. O ṣeun, o ṣeun." Ó dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́. Nígbà tó yíjú padà, ara rẹ̀ ti le, ó ti gbọ́wọ́ kúrò léjìká Ìyàwó.

"Lọ́jọ́ tí mo bá kú," ó sọ fún Ẹ̀gbọ́n, "má wá. Mi ò fẹ́ kí ọwọ́ rẹ kan pósí mi. O gbọ́?"

"Mo gbọ́, Màmá."

Ìyá rìn gba inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà padà, ó kọjá lára ọ̀jọ̀gbọ́n, ó kọjá lára àwọn mọ́ńkì àti àwọn tó ń fi esùsú mu ọtí, ó nàró ṣánṣán. Ìyàwó wo Ẹ̀gbọ́n bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan, ó sáré tẹ̀ lé e. Ní yàrá kejì, àwọn àlejò ti ń pariwo pé ta ló máa rọ ọtí fún àwọn. Ẹ̀gbọ́n lọ rọ ọ́ fún wọn.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, Ìyàwó wá a wá sẹ́nu géètì nígbà tí wọ́n ṣíwọ́. Kò mú nǹkan kan dání. Wọ́n kí ara wọn, Ẹ̀gbọ́n bèèrè ọmọ, ó ní ọmọ wà.

"Màmá ti ń sùn," Ìyàwó ní. "Kí ilẹ̀ tó ṣú dáadáa báyìí, ó ti ń hanrun. Lánàá, èmi ni mo jí i, ó bínú sí mi. Ó ń pe orúkọ ọkọ mi, ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọmọ, ó ní bàbá rẹ̀ gbọ́ràn. Ó ní kí n rán yín létí ohun tóun sọ, nípa òkú òun."

"Mo rántí."

"Ẹ̀gbọ́n." Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́nì kankan nítòsí. "Mo gbé pẹ̀lú ọkọ mi. Kò dúró de ohunkóhun rí láyé yìí. Ata tí ò tíì jiná, á ti máa bù ú jẹ. Kò sọ pé kẹ́ ẹ dúró."

Àwọn tó ṣíwọ́ ń kọjá, wọ́n ń kí i, Ẹ̀gbọ́n ó dàárọ̀ o, ó ń gbọ́wọ́ sókè sí wọn.

"Jọ̀ọ́," ó sọ nígbẹ̀yìn. "Má sọ fún un."

"Mi ò ní sọ." Omi ti dé ojú òun náà. "Mi ò ní sọ láéláé."

"Ṣé ó ń jẹun?"

"Ó ń jẹun dáadáa. Ó tún bèèrè sí i lánàá."

"Ó dáa," Ẹ̀gbọ́n ní. "Ìyẹn dáa." Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì níbẹ̀, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ ìyá rẹ̀ fún, Ìyàwó sì dúró tì í títí tó fi sun ún tán.